Iṣẹ́ Tí Ajá Kò Lè Ròyìn

Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òwe yìí tún ṣe: ọ̀gá sọ̀kò ọ̀rọ̀, ìránṣẹ́ fi ọgbọ́n bọ́ ọ lẹ́gùn-ún kó tó dé etí ẹni tó ni ín. Èmi gbà pé òwe náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí a jíṣẹ́ fún lè yìn wá, ó lè bú wa, ó sì lè lọ fẹjọ́ wa sun ẹni tó rán wa. Iṣẹ́ kan wà tí ẹni tí a ń ṣe é fún kò lẹ́nu tí yóò fi ròyìn. Bí a ṣe é ire, kò ní sọ ọ́ lójúde. Bí a ṣe é ní wúruwùru, kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Níbẹ̀ ni mo ti ń wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dáńtọ́. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ènìyàn gba ajá kékeré mẹ́ta tó ti dàgbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn wọ ilé tí ajá kan ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé náà sí Morógbó, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, níbi tí Àwórì àti Ògù ti jọ ń gbé, tí àwọn ilé iṣẹ́ Àgbárá sì wà nítòsí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́lé sí apá ibẹ̀ lónìí, owó ilé ìgboro ló lé wọn wá. Wọ́n á ra ilẹ̀, wọ́n á mọ ògiri yí i ká, wọ́n á gbé géètì sí i, wọ́n á sì wá ajá sẹ́nu géètì kí wọ́n tó rí owó kun ilé. Ajá ìbílẹ̀ onírun kúkúrú ni ajá náà sábà máa ń jẹ́, èyí tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní ekuke. Orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ Bíńgò. Àwọn Ògù ní Sàngbétò tó ti ń ṣọ́ òru fún ìlú wọn láti ayé àwọn baba ńlá, ṣùgbọ́n nínú ọgbà ẹnì kọ̀ọ̀kan, Bíńgò ni ọlọ́dẹ. Ó ń gbó lóru, ó ń sùn lábẹ́ mọ́tò lọ́sàn-án, èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ìkòkò ló sì ń jẹ. Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibòmíràn ni àwọn ajá kékeré inú ọ̀rọ̀ yìí ti wá: láti Festac, láti Sùúrùlérè, láti Lẹ́kí, nínú fúláàtì tí wọ́n ti ń sùn lórí àga. Lhasa Apso wọ́pọ̀ nínú wọn ní Èkó, ajá onírun gígùn tí ìran rẹ̀ ti orí òkè Tibet wá, tí kì í sábà wúwo ju kílò 8 lọ. Olówó wọn rí físà, ó fẹ́ jápa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní jẹ́ kí ajá wọlé láti Nàìjíríà láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún dìgbòlugi, oṣù mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kò ráyè ìyẹn. Ẹlòmíràn kò lọ síbì kankan, owó oúnjẹ ló pa á láyò lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní 2023. Bí ajá ọlọ́dún mẹ́rin àti ọlọ́dún méje ṣe ń di ẹni tí kò nílé nìyẹn.

Àwọn kan á ní, “Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.” Òwe yìí kò bá àwọn ajá náà wí rárá, ó sì máa ń dùn mí bí ènìyàn bá fi í bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ajá wọ̀nyí gbọ́ fèrè. Ọdẹ ló lọ.

Ìyá kan ní Morógbó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣí lọ, lè gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kí àánú sì ṣe é. Àánú dára. Ṣùgbọ́n ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ajá la fi pa òwe náà, ó sì bá olówó ajá wí pẹ̀lú: ọwọ́ kan níye ohun tó lè gbá mú. Kí màmá tó sọ pé kí wọ́n kó wọn wá, ẹ jẹ́ kó ṣírò. Ajá mẹ́rin ni yóò máa jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́. Ajá mẹ́rin ni yóò máa gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún. Mẹ́ta nínú wọn ń fẹ́ kí a máa ya irun wọn lójoojúmọ́, nítorí pé ooru àti ọ̀rinrin etíkun máa ń so irun Lhasa pọ̀ di kókó, eégbọn á sì rí ibi sá pamọ́ sí. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan lè tọ́jú méjì tán pátá, kó mú méjì, kó wá ilé fún ẹ̀kẹta. Ìtayọ kò sí nínú iye. Ẹni tó kó mẹ́ta tó sì ń fi ebi pa gbogbo wọn kò sàn ju ẹni tó fi wọ́n sílẹ̀ lọ.

Òwe kan wà nílẹ̀ wa tí mi ò fẹ́ràn láti gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń sin ajá: “Ohun tí ajá máa jẹ, Èṣù máa ṣe é.” Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ajá ìgboro tó ń kiri ọjà. Ajá tí a ti tìlẹ̀kùn mọ́ nínú ọgbà, àwa ni a ó ṣe oúnjẹ rẹ̀. Egungun adìyẹ tí a ti sè, tí gbogbo wa máa ń jù sí Bíńgò, a máa fọ́ ṣóńṣóṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun ajá kékeré. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣokoléètì tí ọmọ ọmọ mú wá lè pa á, bó bá sì ṣe kéré tó ni èyí tó pọ̀ tó láti pa á ṣe kéré. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Oúnjẹ tó bá ajá lára mu, owó díẹ̀ àti ìrònú púpọ̀ ni.

Kí imú ajá tó kan imú ajá, dókítà ẹranko ni kó kọ́kọ́ rí wọn. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù. Àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní parvo, tí ayé kò mọ̀ títí di nǹkan bí 1978, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ajá tó ní i ti kú tàbí tó ti lọ. Ajá tuntun lè gbé e wá, ilẹ̀ Bíńgò náà sì lè ti ní i tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn àlejò wà lọ́tọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, nínú yàrá tó ní ilẹ̀kùn, kí abọ́ wọn má ṣe pọ̀ mọ́ ti onílé, kí ẹni tó bá bọ́ wọn sì fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ajá mìíràn. Iṣẹ́ yìí súni. Ẹni tó bá fi ọjọ́ díẹ̀ gé e kúrò, kò sí ẹni tí yóò mọ̀, àyàfi bí àrùn bá bẹ́.

Dìgbòlugi ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni kì í ka ajá kékeré sí ohun tó lè pa ènìyàn. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àrùn náà ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dún kan káàkiri ayé, ajá ló sì ń kó o ran ènìyàn ní bíi 99 nínú 100. Àwọn ọmọdé ló ń jìyà rẹ̀ jù. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oògùn mọ́. Ṣùgbọ́n láti 1885, nígbà tí Louis Pasteur fi abẹ́rẹ́ gba Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, là ní Paris, ọ̀nà ti là: bí ajá bá buni jẹ, ká fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ká sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ajá àgbà má sì ṣe wọlé lórí ọ̀rọ̀ ẹnu pé ó ti gba abẹ́rẹ́. Ìwé rẹ̀ dà? Bí kò bá sí ìwé, kó gba òmíràn.

Ọ̀rọ̀ akọ àti abo kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú. Ajá abo a máa wá akọ ní bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà, oyún rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63. Bí Bíńgò bá fún abo Lhasa lóyún, ọmọ inú lè tóbi ju ọ̀nà tí yóò gbà jáde lọ, ìyá lè kú sórí ìkúnlẹ̀. Kí dókítà tẹ Bíńgò lọ́dàá, tàbí kó ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo, kí wọ́n tó jọ máa rìn pọ̀ nínú ọgbà.

Ó wá ku ìpàdé fúnra rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n á ṣí bùútù mọ́tò, wọ́n á da ajá mẹ́ta sílẹ̀ nínú ọgbà, wọ́n á ní kí wọ́n máa bá ara wọn ṣeré. Ohun tí Bíńgò rí ni pé àjèjì mẹ́ta wọ ibi tí wọ́n fi òun ṣọ́. Bó bá bu wọ́n jẹ, iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló ṣe. Ajá tó wúwo tó kílò 20 kò nílò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti pa ajá tí kò tó 8.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi imú mọ ara wọn láìtíì ríra. Ẹ fi aṣọ nu ara ọ̀kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí èkejì ń sùn. Lẹ́yìn náà, ìrọ̀lẹ́ kan tí oòrùn ti rọ̀, kí ènìyàn méjì mú ajá méjì péré jáde lórí okùn, Bíńgò pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn àlejò, sí òpópónà tí kì í ṣe ti ọ̀kankan nínú wọn, kúrò lójú ọ̀nà ọ̀kadà. Kí wọ́n máa rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àyè wà láàárín wọn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fà wọ́n kojú ara wọn. Kí ọ̀kan gbóòórùn ibi tí èkejì tọ̀ sí. Bí okùn bá rọ̀, tí ara wọn náà rọ̀, kí àyè náà dín kù díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí wọ́n jọ wọnú ọgbà, níbi tí a ti kó egungun àti abọ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ̀kejì a tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta náà a tẹ̀ lé e. Bí àwọn mẹ́ta náà bá ti ilé kan náà wá, tí wọ́n ti mọra, ẹ máa fi sọ́kàn pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, Bíńgò sì dá wà. Àgbájọ wọn lè mú kí wọ́n fojú di onílé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Kí a sì kọ́ láti ka ara wọn. Ajá tí ara rẹ̀ le gbagidi, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lójú kan, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ mú un yípadà. Èyí tó bá ń kùn, ẹ má ṣe nà án. Ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó bá fi pàṣán pa ìkìlọ̀ náà kò pa ìbínú inú rẹ̀. Yóò kàn kọ́ ajá láti máa buni jẹ láìsọ̀rọ̀. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ilé ló ń ṣe èyí sí ọmọ ènìyàn náà.

Bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bá rọrùn, kí a má tíì yọ̀. Ilé tó tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Àwọn tó máa ń wá ilé tuntun fún ajá a máa sọ pé ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù mẹ́ta: ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ̀rù tó dín kù lára rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ ìgbà oúnjẹ àti ìgbà ìjáde, oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé ibẹ̀ ni ilé òun. Kì í ṣe òfin, àwọn ajá mìíràn a pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo àkókò náà, abọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ibi tirẹ̀, ilẹ̀kùn sì máa ń wà láàárín wọn nígbà tí kò bá sí ènìyàn nílé.

Bíńgò ni ìyálé nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ohun tó ń tètè ba ilé jẹ́ bíi kí ìyálé di ẹrú lọ́jọ́ tí ìyàwó dé. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òun ló gbó lóru tí olè gun ògiri. Òun ló jẹ ẹ̀bà láìsí ẹran nígbà tí a ń kọ́lé. Tí àwọn onírun funfun bá wá ń sùn lórí táìlì lábẹ́ fáànù, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ inú àpò, tí òun sì wà lórí ẹ̀wọ̀n nínú oòrùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìwà rẹ̀ ló burú bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà tí ìjà bẹ́. Àwa la dá ìjà náà sílẹ̀. Gbogbo abẹ́rẹ́ tí àwọn àlejò bá gbà, kí Bíńgò náà gbà á. Oúnjẹ tó dára fún wọn, kó dára fún un. Kí ó ní òrùlé tí òjò oṣù kẹfà kò ní wọ̀, kí ọwọ́ olówó rẹ̀ sì kan orí rẹ̀ kó tó kan ti ẹlòmíràn láàárọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá iṣẹ́ wa dáńtọ́, kó má wo ajá tuntun. Ara Bíńgò ni kó wò.

Àwọn kan yóò tako mi pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé ajá tó ti dàgbà kò ní ẹ̀kọ́ kankan tó kù láti gbà. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n mi ò gbà á níbí. Ajá àgbà ti tóbi tó bó ṣe máa tóbi, ìwà rẹ̀ ti hàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti mọ ibi tí wọ́n ń tọ̀ sí. Ohun tó kù ni ọgbẹ́ inú. Ẹni tí ejò bù jẹ, bó bá rí ekòló á sá. Èyí lè máa sá fún ìgbálẹ̀, òmíràn lè máa sunkún bí wọ́n bá ti di báàgì, nítorí pé báàgì ló rí kẹ́yìn nílé àkọ́kọ́. Ọjọ́ kan kọ́ ni a ó fi mọ̀ ọ́n.

Fífi ojú tín-ín-rín wo irú ajá bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1860, obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Tealby ṣí ilé fún àwọn ajá tó sọnù àti èyí tí ebi ń pa, ní Holloway ní London. Ìwé ìròyìn The Times fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1862, ìwé ìròyìn tí Charles Dickens jẹ́ olóòtú rẹ̀ gbè é lẹ́yìn: ó gbé ìdíje ajá ẹlẹ́wà tí wọ́n ṣe ní Islington sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ajá tí kò ní ẹnìkan. Ilé náà ṣí lọ sí Battersea ní 1871, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ajá ìdíje ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ la ṣì fi ń wo ajá ní Èkó. Iye tí wọ́n rà á àti ilẹ̀ tó ti wá la máa ń béèrè, a kì í béèrè bó ṣe sùn. Òfin pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́: ẹ̀ka 495 nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún apá gúúsù sọ pé ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí kó san àádọ́ta náírà. Àádọ́ta náírà kò ra búrẹ́dì lónìí. Síbẹ̀, dókítà ẹranko Mark Ofua dá St. Mark's Animal Rescue Foundation sílẹ̀ ní Èkó, ó ń gba ẹranko tó fara pa, ajá wà nínú wọn. Òfin kọ́ ló lé e débẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ. Ilẹ̀ wa mọ̀ nípa fífi ajá pa òwe: ẹni tí aládùúgbò ṣẹ̀ á sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, á sì máa ké e létí ògiri. Àwọn Bàrùbá ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin náà ń ṣe é, ọ̀mọ̀wé Wendy Schottman sì kọ nípa rẹ̀ ní 1993. Ọgbọ́n ńlá wà nínú rẹ̀, mi ò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ajá ọlọ́dún méje tó pàdánù ilé, olówó àti ibùsùn lọ́jọ́ kan náà, ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ ṣẹ́kù fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ Snowy ni wọ́n ń pè é. Ó mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo ohun tó wà ní Morógbó, òun nìkan ni ohun tó mọ̀.

Nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ kò ní bọ́ sí i. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, àwọn ajá mìíràn kò sì ní lè gbé pọ̀, bó ti wù ká ṣe tó. Bí oṣù bá ń gorí oṣù, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà, kí ẹ pe dókítà, kí ẹ pe ẹni tó fi ajá náà lé yín lọ́wọ́, kí ẹ wá ilé mìíràn fún un. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà nínú kí wọ́n gbé e sínú mọ́tò lóru, kí wọ́n sì jù ú sílẹ̀ lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe bo nǹkan kan mọ́ ọn lójú. Ẹ sọ fún un pé ààrá ń dẹ́rù bà á, pé ó ti bu ọmọ kan jẹ lẹ́sẹ̀ rí, pé kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan etí òsì rẹ̀. Ẹ kó ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ọjọ́ tí òmíràn yóò kàn hàn án.